Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà Ọpọlọ Nílé Tíṣà Ọ̀kà

Ẹ sún àga yín mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Etí mi ti ń wúwo, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé aláìsàn kan ń sùn nítòsí. Ẹ gun ọ̀kadà láti Àkùngbá wá sí Ìkàrẹ́ nínú oòrùn yìí, ẹ ní kí n sọ ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ là kọjá kí wọ́n tó kà á kún àgbà nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú fóònù yín. Ọmọ ọmọ mi ti fi hàn mí: ọdún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún kan háọ̀sì jọ́bù, ọdún kan àgùnbánirọ̀, ìdánwò ìwọlé, ọdún bíi mẹ́fà lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ìdánwò apá kìíní, ìwé ìwádìí, ìdánwò ìkẹyìn. Gbogbo rẹ̀ tò bí iṣu tí wọ́n dì mọ́ ọgbà. Ẹ̀rù nìkan ni wọn ò kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló gùn jù.

Mo ti ń bẹ̀rù kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe èèyàn nígbà náà. Á rìn láti ìlú dé ìlú títí etí rẹ̀ á fi ká kò. Nígbà tí tèmi dé, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Kò mọ̀ ọ́n kà. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti kòkó ló ń gbìn ní Ọ̀kà, òun ló sì fi oko rán mi níwèé.

"Èwo ni wọ́n ní kí o wá kọ́?"

Mo sọ fún un.

"Dókítà ojú ń bẹ," ó ní. "Dókítà aláboyún ń bẹ. Kí ló gbé ọ dé ìdí wèrè?"

"Màmá, àìsàn bí àìsàn yòókù ni."

"Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹni tó ń bá wọn jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́?"

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ilé ìwòsàn wálé, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń gba aṣọ lára mi. Yóò fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, yóò sá a sórí àpáta níbi tí aṣọ ẹlòmíì ò ní kàn án. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kì í ràn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, tí mi ò rántí ibi tí mo fi gègé mi sí, àyà mi á já. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀yin ò bá wọ́ọ̀dù wa àtijọ́. Ìró kọ́kọ́rọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ tó tó ìkúùkù ọkùnrin, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń so mọ́ ìgbànú, tó ń dún wóró-wóró bí wọ́n ti ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró ìkòkò irin tí a fi ń se abẹ́rẹ́ onígíláàsì, omi ń hó, abẹ́rẹ́ ń lu ara wọn nínú rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní parádíháìdì, òun la fi ń mú ara ẹni tó ń jà rọlẹ̀. Ó ń yọ́ abẹ́rẹ́ oníke, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo gíláàsì. Òórùn rẹ̀ máa ń bá èèyàn délé nínú irun. Lónìí, ẹ ní oògùn tí kò ní òórùn kankan. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan àtijọ́ ló dára. Èyí tí mo bá ń ṣàárò rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ọdún Kérésì àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, a se ìrẹsì, a lu páànù, nọ́ọ̀sì ń jó, aláìsàn ń jó. Èmi náà jó títí ìdì kọ́kọ́rọ́ fi já bọ́ lápò mi, mi ò mọ̀. Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ nínú wọ́ọ̀dù ju gbogbo wa lọ ló ṣà á nílẹ̀. Ó dì í mú. Ijó dá. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ìlẹ̀kùn àbájáde. Ó rìn wá bá mi, ó nà án sí mi. "Dókítà," ó ní, "ẹ gba ìlẹ̀kùn yín." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò jó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ń gbé wa láti ibì kan dé ibòmíràn. Oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú, díẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wárápá àti iṣan ara. Níbi kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ẹni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, o ò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ọ̀gá tó kọ́ mi jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, ó sì ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lọ sílé aláìsàn, kó sì jẹun níbẹ̀, kí òun tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. "Aláìsàn ń ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa," ó máa ń sọ. "Lọ ṣe àlejò tirẹ̀ náà." Ẹ̀yin ń fi fóònù béèrè bí wọ́n ṣe jí. Àwa ń rìn lọ, nínú ọyẹ́, nínú òjò, ajá ń gbó wa láti àdúgbò dé àdúgbò.

Ó wá ku ìgbà tí wọ́n ní kí n lọ máa tọ́jú àwọn èèyàn láàárín ìlú. Agbègbè ìlú tèmi ni wọ́n rán mi sí. Yàrá kan wà ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́ níbí, tí a máa ń ṣí lọ́jọ́bọ̀ kan lóṣù. Láti Ògbàgì, láti Àfìn, láti Ìfira, wọ́n ń wá, àwọn míì fi gèlè bo ojú kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan là ń jọ ṣiṣẹ́, Bọ̀dá Àlàbá, òun ló ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ sílé àwọn tí kò bá wá.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Àlàbá mú lẹ́tà kan wá. Obìnrin kan ní Ìwàrọ̀-Ọ̀kà ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Ó ní ọkọ òun kò gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù rẹ̀ mọ́ láti oṣù mẹ́ta, ọkọ náà ń sọ pé àwọn kan ń da nǹkan sínú kànga òun, ó sì ń fi àdá sí itan jókòó lójoojúmọ́. Mo wo orúkọ ọkọ náà. Mo tún un wò. Tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ni.

Tíṣà! Ọkùnrin tí fìlà rẹ̀ kì í wọ́, tó mọ orúkọ bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé ẹ̀kọ́ wa. Mo ti gbọ́ pé ó fẹ̀yìn tì. Mi ò gbọ́ èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú wa ṣe rí: a ó sọ fún èèyàn pé iṣu ta, a ó sọ pé òjò pa ilé, ṣùgbọ́n èyí, a ó fi ìlẹ̀kùn dé e.

Ọ̀sán ni a lọ. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá, tí bíréékì wọn ń ké. Mo di Bọ̀dá Àlàbá mú títí ó fi ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n mí." Nígbà tí a dé, ó ní òun fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ pe ìyàwó. Mo gba iwájú wọlé. Àṣìṣe àkọ́kọ́ mi nìyẹn.

Tíṣà wà lórí ìjókòó onígi, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, àdá wà lórí itan rẹ̀ lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

Ó nawọ́ sí àga kan lára ògiri òdìkejì, lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀yin náà ti kọ́ ọ: dókítà ọpọlọ kì í jẹ́ kí aláìsàn wà láàárín òun àti ìlẹ̀kùn. Mo ti ka òfin yẹn látorí fún ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀kà ni mí. Bí Tíṣà bá fi àga hàn mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò jókòó? Mo lọ jókòó. Ó dìde, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbé ìjókòó rẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn náà, ó tún gbé àdá lé itan.

"Ta ló rán ọ?"

"Ilé ìwòsàn ni, sà. Wọ́n ní ẹ ò wá gba abẹ́rẹ́ yín."

"Abẹ́rẹ́." Ó rọra sọ ọ́. "Àwọn tó wà nídìí kànga ló rán ọ."

"Rárá, sà. Ọmọ ibí ni mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin." Mo dá orúkọ ara mi, mo dá orúkọ bàbá mi.

Ó wò mí pẹ́. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo ń retí ohùn Bọ̀dá Àlàbá, mi ò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ìyàwó Tíṣà lọ fa omi nílé kejì, nítorí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan kànga wọn mọ́.

"Àwọn náà mọ orúkọ bàbá èèyàn," Tíṣà ní. "Dìde."

Mo dìde.

"Bí o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, ka ìlọ́po méje fún mi."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti kà á kẹ́yìn. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ó ti kọ́ wa, mo bẹ̀rẹ̀. Méje lọ́nà kan, méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Méje lọ́nà mẹ́ta, mọ́kànlélógún. Ojú mi ò kúrò lára àdá. Nígbà tí mo ka ìkẹjọ, ó gbé orí sókè lójijì, ìka rẹ̀ mú èèkù àdá. Mo rò pé ó parí. Mo ṣáà ń kà lọ nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ìka rẹ̀ tú. Ó gbé orí sílẹ̀. Mo ka méje tán, ó ní kí n ka mẹ́jọ. Mo ka mẹ́jọ tán, ó ní kí n ka mẹ́sàn-án.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, Bọ̀dá Àlàbá tẹ̀lé e, kò sáré. Obìnrin náà wò mí níbi tí mo dúró sí, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

"Ẹ fún mi ní àdá yẹn, bàbá. Mo fẹ́ fi gé iṣu. Àlejò yín ò tíì jẹun."

Tíṣà gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn. Bọ̀dá Àlàbá jókòó tì í, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́, nígbà tó yá ó gbà kí á fún òun ní abẹ́rẹ́. Iyán dé. Mi ò lè fi ọwọ́ kàn án. Mo ní inú ń run mí. Níta, mo jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà.

Mo padà lọ bá ọ̀gá mi, mo ní mi ò ṣe mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ojú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán.

"Níbo lo jókòó sí?"

"Ibi tí wọ́n ní kí n jókòó sí, sà."

"Ṣé o jẹun?"

"Rárá, sà."

Ó ti ìwé àkọsílẹ̀ mi padà sí mi lórí tábìlì, kò fọwọ́ sí i. "Bí o bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ojú, mi ò ní dá ọ dúró," ó ní. "Ṣùgbọ́n ní oṣù tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á tún pé. Ìwọ tó ti dá mọ̀ ló máa retí."

Inú bí mi sí i. Mo ní nínú ọkàn mi pé kò sí níbẹ̀, kò rí àdá náà. Mo sọkún nínú yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀ nígbà tí oṣù pé, mo tún wà lẹ́yìn ọ̀kadà Bọ̀dá Àlàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa méjèèjì la jọ wọlé, mo sì bẹ Tíṣà pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó nítòsí ìlẹ̀kùn, ooru ń mú mi. Ó gbà. Mo jẹ iyán díẹ̀. Ní oṣù kẹta, mo jẹ ẹ́ tán.

Oògùn náà ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe ní ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ kànga kọ́kọ́ dín kù, lẹ́yìn náà ó fá irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, àwọn ọmọ àdúgbò ń wá gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó sì ń dá gun ọkọ̀ wá bá mi ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, mo ti fún un ní abẹ́rẹ́ tán, ó ń tún apá ẹ̀wù rẹ̀ fà wálẹ̀.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ," ó ní. "Èló ni?"

Mo rò ó. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà."

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta lo pè é lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Ẹ gbọ́ ọ, sà?"

"Mo gbọ́. Ó kù díẹ̀ kí n tún un ṣe fún ọ. Mo wá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n. Mo ní kí n má dá kún un."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ nípa ohun tí àìsàn yẹn ń mú kúrò lára èèyàn. Mi ò rí èyí kà nínú ọ̀kankan wọn. Mo lọ bomi mu, mo pẹ́ kí n tó pe aláìsàn tó kàn.

Ìdánwò ìkẹyìn ńkọ́? Mo kùnà ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń fi yín sí yàrá pẹ̀lú aláìsàn tí ẹ ò rí rí, wákàtí kan péré, lẹ́yìn náà ẹ ó lọ dúró níwájú àwọn àgbà. Mo sáré bi ọkùnrin tí wọ́n fún mi ní gbogbo ìbéèrè tó wà nínú ìwé, bí ọlọ́pàá. Kò dáhùn ìdajì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bi mí pé kí ni ọkùnrin náà ń bẹ̀rù jù. Mi ò mọ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà wálé, mo fi orí ti fèrèsé, mo ń rò ó pé oko ìyá mi ti ṣòfò. Nígbà tí mo sọ fún Tíṣà, ó ní ọmọ tó mọ̀wé jù tí òun kọ́ rí tún kíláàsì kẹrin ṣe. Lọ́dún kejì, obìnrin arúgbó kan ni wọ́n fún mi, kò gbọ́ Yorùbá dé ibi tó ti lè sọ tinú rẹ̀ tán, ó ń ṣẹ́jú sí ìlẹ̀kùn. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo bi í bóyá kí n ṣí ìlẹ̀kùn náà sílẹ̀. Ìbéèrè tí mo lè bi í kò pọ̀ lẹ́yìn náà, àyà mi sì ń já nígbà tí agogo dún. Wọ́n lẹ àbájáde mọ́ pátákó. Ojú mi ń ṣókùnkùn, ẹlòmíràn ló bá mi rí orúkọ mi níbẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ni Tíṣà sùn, kò jí. Nínú ilé rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ àgbà dé sí ilé mi níbí. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Gbogbo ìlú mọ irú aláìsàn tí ẹ ń tọ́jú. Bí wọ́n bá rí yín láàárín wa lọ́la, wọ́n á béèrè. Àbúrò mi obìnrin sì fẹ́ ṣe ìyàwó lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò bínú sí i. Mo rántí aṣọ mi lórí àpáta. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ funfun, mo lọ dúró lójú ọ̀nà lódìkejì ilé ìjọsìn, lábẹ́ òjìji ilé kan, níbi tí orin ti lè dé etí mi. Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìyàwó Tíṣà ti jáde, nínú aṣọ opó, ó ń sọdá títì bọ̀ níṣojú gbogbo èèyàn.

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí wọlé láti ẹnu ọ̀nà dé ìjókòó àwọn ẹbí níwájú. Orin ń lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń yí orí. Ọmọ rẹ̀ àgbà dijú. Obìnrin náà ní, láìgbé ohùn sókè, "Ẹ sún, kí dókítà bàbá yín jókòó."

Mo jókòó. Mo ṣí ìwé orin. Ó ṣe díẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti tẹ̀ síwájú lẹ́yìn mi. Ohùn obìnrin ni, mi ò mọ̀ ọ́n, ó rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé àdúrà ló ń gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọjọ́ wo lẹ máa ń wà níbẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀," mo ní, mi ò yíjú padà.

Yàrá ọjọ́bọ̀ yẹn ti wà ní títì láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Àga tó fọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Àwọn tí mo kọ́ ti rékọjá òkun, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ìtọ́jú ṣì ń wá sí géètì mi, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á béèrè ohun tí obìnrin yẹn béèrè níbi ìsìnkú, bó ti béèrè rẹ̀ gan-an. Ọ̀kan wá lánàá láti Àfìn. Kí n tó rí ohun tí mo fẹ́ sọ, ó ti fi gèlè bojú, ó ń lọ.